Ìbọn Delbert Hupp Nínú Àpótí Irin Dunfee

Verna Stotler, opó, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tó ti ń tajà nídìí káńtà ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ Dunfee láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ni wọ́n ń bú lọ́tùn-ún lósì ní ìlú Pruitt Fork láti ìrọ̀lẹ́ àná. Àwọn kan ní ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ ará ìlú. Àwọn mìíràn, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ gan-an wà nínú wọn, ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Bí ẹ bá bi òun fúnra rẹ̀ léèrè èwo ló jóòótọ́ nínú méjèèjì, yóò nu ojú káńtà, yóò tún un nù, yóò wá sọ pé òun náà ṣì ń rò ó.

Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kò ju ìbọn kan ṣoṣo lọ.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún Ìdúpẹ́, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, Delbert Hupp wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Delbert ló wa bọ́ọ̀sì iléèwé ní ọ̀nà Sugar Creek fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Ní agbègbè yẹn, ó ṣòro láti rí ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún tí kò jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀ rí. Jolene ọmọ Verna gùn ún, Brynn tí Jolene bí náà gùn ún. Ní oṣù Kẹjọ ni Norma ìyàwó Delbert kú. Láti ìgbà náà ni ẹ̀wù rẹ̀ ti ń tóbi sí i lọ́rùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sì ra ẹ̀wù tuntun.

"Verna, mo fẹ́ ra ìbọn."

"Ìwọ? Ìwọ tí o ní mẹ́ta nílé?"

"Wọ́n ti lọ. Mo ti kó wọn fún Curt." Curt ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ní Indiana. "Nígbà tó wá síbi ìsìnkú, mo ní kó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀."

"Kí ló dé?"

"Mi ò fẹ́ wọn nílé nígbà yẹn."

"O wá fẹ́ báyìí?"

"Ní báyìí, àgbọ̀nrín ti fẹ́ jáde. Ṣé ọjà lo fẹ́ tà ni, àbí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi lo fẹ́ gbọ́?"

Verna rẹ́rìn-ín, ó sì fa fọ́ọ̀mù jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà, *mi ò fẹ́ wọn nílé nígbà yẹn*, ti há sí i létí bí ìgbà tí omi bá wọ etí ẹni tó ń wẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ṣé wọ́n ti dá ọ lẹ́bi ọ̀ràn ńlá rí? Ṣé o máa ń mu oògùn olóró? Ṣé ilé ẹjọ́ ti sọ rí pé orí rẹ kò pé? Ṣé o ti lu ìyàwó rẹ rí tí ọ̀rọ̀ dé kọ́ọ̀tù? Delbert tẹ orí ba ìwé, ó ń mí gúlegúle, ó ń kọ ọ́ lọ.

"Wọ́n ní ṣé mò ń sá fún òfin," ó wí láìgbójú sókè. "Pẹ̀lú orúnkún yìí?"

"Ṣáà dáhùn, Delbert."

"Rárá ni mo kọ. Rárá ni mò ń kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwé yìí jọ ìyá Norma lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ ọmọ rẹ̀."

Verna gba ìwé náà, ó kà á láti rí i pé kò fo ìlà kankan. Kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ènìyàn ń jẹun, bóyá ó ń sùn, tàbí ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Verna fi ń ka fọ́ọ̀mù yẹn, kò sì mọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ wá wọn.

Ó tẹ orúkọ náà sínú kọ̀ǹpútà, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ tí ó máa ń yẹ orúkọ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí kọfí ènìyàn tó tutù ni èsì ti dé: Máa tà á. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: Má tà á. Ti Delbert jẹ́ ẹ̀kẹta: Dúró ná. Wọn kì í sọ ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé Hupp kan wà níbòmíràn tó jalè. Ó lè jẹ́ pé akọ̀wé kọ́ọ̀tù kan ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn kò parí ìlà tó ń kọ. Ó sì lè jẹ́ ohun kan tí Delbert kò sọ. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n kọ ọjọ́ kan sí: Sátidé.

Bí òfin ṣe wí nìyí: bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta bá kọjá, láìka ọjọ́ àjọ̀dún mọ́ ọn, tí èsì kò dé, ẹni tó ń tajà láṣẹ láti gbé ìbọn náà fún oníbàárà. Òfin kò ní dandan ni kó gbé e, kò sì ní kó má gbé e. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lé ẹni tó wà nídìí káńtà lórí, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Wọ́n ní kí o dúró," Verna sọ fún un.

"Títí di ìgbà wo?"

"Sátidé. Bí wọn ò bá sọ nǹkan kan ṣáájú."

"Sátidé dára. Mọ́ńdè ni ìgbà ọdẹ àgbọ̀nrín ń bẹ̀rẹ̀." Delbert dé fìlà rẹ̀. "Má tà á fún ẹlòmíràn o."

Verna so páálí kékeré mọ́ ẹnu ìbọn náà, ó kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, ó tì í mọ́nú àpótí irin tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Rex Dunfee, ọmọ ẹni tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tó sì wá di ọ̀gá níbẹ̀, bá a níbi tó ti ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Ìyá Verna, kí lẹ ń wò bí ẹni ń wo òkú ọ̀nà?"

"Wọ́n ní kí Delbert dúró."

"Delbert Hupp? Ọkùnrin tí kò lè pa eṣinṣin?"

"Kì í ṣe eṣinṣin ló ní òun fẹ́ pa."

Rex rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Bó bá di Sátidé, ẹ ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú yín." Ó wá lọ síbi tí wọ́n ti ń já àpò iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú yìnyín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: Verna ní ọgbọ́n kan lọ́wọ́ tí àwọn tó ń ta ìbọn jákèjádò ilẹ̀ náà mọ̀ dáadáa. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá gba oníbàárà kan, yóò ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀rọ wa ò ṣiṣẹ́ lónìí." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó ti sọ ọ́ ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́. Ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sínú mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, tí ojú obìnrin náà kan wú. Irọ́ náà rọrùn láti pa fún àjèjì. Ṣùgbọ́n Delbert ti dúró níwájú ẹ̀rọ náà, ó rí i tó ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ ojú Verna bó bá ń purọ́ láti ìgbà tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kẹta.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí iléèwé ti jáde, Brynn wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó fa àpò rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì di ìwé kan mú láyà.

"Brynn," Rex ké sí i láti orí àkàbà, "mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ jáde kúrò ní kíláàsì nítorí ọ̀rọ̀ ìbọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá Rex. Gbogbo iléèwé tó wà ní ìpínlẹ̀ Ohio wa yìí. Mọ́ńdè, agogo mẹ́wàá."

"Mọ́ńdè èwo?"

"Èyí tó ń bọ̀."

Rex sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. "Mọ́ńdè àgbọ̀nrín?"

Ojú ti Brynn.

"Iléèwé tó ti ilẹ̀kùn pa, inú èwo lẹ ti fẹ́ jáde? Àbí orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti fẹ́ ṣe ìwọ́de?"

"Àwọn tó wà ní olú ìlú, ní Columbus, ló mú ọjọ́," Brynn wí. "Wọn ò mọ̀ pé ibì kan wà tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní ìsinmi nítorí ẹran. Mo pè wọ́n, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n yéé ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Bí àwọn tó kù bá ń jáde kúrò níléèwé, àwa máa wá síléèwé ni. A máa dúró lórí àtẹ̀gùn iwájú."

"Ẹ̀yin mélòó?"

"Mẹ́tàdínlógún." Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Àwọn mẹ́rin ní àwọn á kọ́kọ́ wọ igbó. Bí wọ́n bá tètè rí ẹran pa, wọ́n á wá."

Rex rẹ́rìn-ín títí ó fi di káńtà mú. Brynn náà rẹ́rìn-ín, tipátipá. Kì í ṣe ọmọ tó ń bẹ̀rù ìbọn. Verna fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìbọn yínyìn nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sì sí ọdún tí kì í bá wọn wọ igbó. Ó sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun fi ń sọ̀rọ̀, pé òun mọ ohun tí ìbọn ń ṣe fún ara ẹran.

Nígbà tí Rex ti padà sórí àkàbà rẹ̀, ọmọ náà tẹ́ ìwé sórí káńtà.

"Màmá, ẹ bá wa fọwọ́ sí i."

Verna fi awò ojú sójú. Ohun kan péré ni wọ́n béèrè: kí ìbọn kankan má ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí èsì yóò fi dé, ìbáà gba ọjọ́ mẹ́ta, ìbáà gba oṣù mẹ́ta.

"Màmá, ṣé ẹ ti gbé e fún ènìyàn rí, tí èsì ò tíì dé?"

"Mo ti gbé e."

"Ìgbà mélòó?"

"Mi ò kà á."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìṣó!"

Verna yọ awò ojú. Ó rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tó wá ní ọjọ́ kẹrin tó sì gba ìbọn rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì dé pé kí wọ́n má tà á fún un, tí ọlọ́pàá fi lọ gbà á padà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti bá ìbọn náà, kò tíì yìn ín rárá. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀ fún oṣù kan, bí fóònù ṣọ́ọ̀bù bá ti dún, àyà Verna á já. Ó sọ ìtàn náà fún Brynn.

"Ẹ wá rí i báyìí," ọmọ náà wí.

"Mo rí i. Mo tún rí Pásítọ̀ Lemley, tí orúkọ rẹ̀ bá ti olè kan mu ní Texas. Wọ́n ní kó dúró, ó dúró, títí ìgbà ọdẹ fi parí."

"Ṣé ó kú?"

"Ta ni?"

"Pásítọ̀ náà. Ṣé àìríbọn gbé wọ igbó pa á?"

"Ó wà láàyè. O gbọ́ ìwàásù rẹ̀ ní Sọ́ńdè."

"Ó dáa náà," Brynn wí.

Verna tún fi awò ojú sójú. Bó bá wo ìwé náà, ìwé náà tọ̀nà. Bó bá ro ti àwọn ènìyàn tó mọ̀, tí wọ́n ti fi ojúlówó ọkàn dúró níwájú rẹ̀ tí ìtìjú sì bò wọ́n nítorí ẹ̀rọ ní kí wọ́n dúró, àwọn náà tọ̀nà. Bó bá wá ro ti Delbert, kò tilẹ̀ mọ apá ibi tí yóò kó o sí. Ó ká ìwé náà sínú àpò rẹ̀, ó ní òun á kà á dáadáa nílé.

Ní Ọjọ́bọ̀, tí í ṣe Ìdúpẹ́ gan-an, Verna se tòlótòló fún ìdílé rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Delbert. Ó wá, ó ti fá irùngbọ̀n, ó gbé àwo ńlá kan dání. Ẹ̀wà tútù aláwọ̀ ewé tí Norma máa ń fi ọbẹ̀ olú sè tí í fi àlùbọ́sà díndín bò lórí ni ó gbìyànjú láti sè. Àlùbọ́sà ló kọ́kọ́ dà sísàlẹ̀, ó wá da ẹ̀wà lé e. Gbogbo wọn bu ú jẹ, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ àlùbọ́sà.

Jolene ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má sọ ọ̀rọ̀ ìwọ́de nídìí oúnjẹ. Ọmọ náà gbìyànjú títí wọ́n fi dé orí ànàmọ́. Delbert ló bi í pé kí ni àwọn fẹ́ gan-an. Ni Brynn bá tú u palẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta, èsì tí kò dé, ìbọn tó ń jáde.

"Ọjọ́ mélòó lẹ wá fẹ́ kó jẹ́?" Delbert béèrè.

"Títí èsì á fi dé, bàbá."

"Bí kò bá dé ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ẹni náà ò ní rí i gbà nìyẹn."

Delbert gé tòlótòló, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. "Èmi gan-an ni wọ́n ní kó dúró o."

Fọ́ọ̀kì Jolene dúró lófuurufú. Brynn yíjú sí Verna.

"Màmá! Ẹ ò sọ fún mi."

"Ọ̀rọ̀ oníbàárà kì í ṣe ohun tí mò ń sọ kiri."

"Bàbá Delbert, ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹ̀yin la ní lọ́kàn."

"Ta lẹ wá ní lọ́kàn?"

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Omijé fẹ́ bọ́ lójú Brynn. Delbert rí i, ó na ọwọ́ sí abọ́ búrẹ́dì, ó gbé e sún mọ́ ọn.

"Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n ní kí n máa kọ́ yín bí ẹ ó ṣe dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ ọkọ̀ bí oníbọn bá dé? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ẹ́. Gbogbo wọn ti dọ̀bálẹ̀, ìwọ nìkan lo dúró. O ní ṣé mo ti gbálẹ̀ ibẹ̀."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní mo ti gbá a. Irọ́ ni mo pa. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti gbálẹ̀ ọkọ̀ yẹn kẹ́yìn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jolene fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú. "Lọ mú ìwé ẹ wá," Delbert sọ fún ọmọ náà. Verna ló lọ mú un nínú àpò rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà. Lójú gbogbo wọn ló ṣẹlẹ̀: Delbert Hupp mú bírò, ó sì fi lẹ́tà ńláńlá kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ìwé tó ní kí wọ́n má fún irú rẹ̀ ní ìbọn. Ó na bírò náà sí Jolene. Jolene ní òun ń lọ wo páì elégédé nínú ààrò.

Nígbà tí àlejò ti lọ, tí Verna ń fọ àwo ẹ̀wà Delbert yẹn, kò mọ bóyá nítorí àtimú inú ọmọdé dùn ni Delbert fi fọwọ́ sí i, àbí òun Verna ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ òun ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ló ń sọ?

Ọjọ́ Ẹtì, èrò kún ṣọ́ọ̀bù. Ọta, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí àwọn ọdẹ ń wọ̀, ìbọ̀wọ́, okùn. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni Verna yẹ kọ̀ǹpútà wò. Dúró ná ni wọ́n ṣì kọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ku wákàtí kan kí wọ́n tilẹ̀kùn, Delbert dé. Ọkùnrin mẹ́ta ló wà nídìí káńtà tí wọ́n ń ra ọta. Verna tún yẹ ẹ̀rọ wò. Kò sí èsì. Ọjọ́ tí wọ́n dá ti pé, òfin ti sí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

"Mo dé," Delbert wí.

"Mo rí ẹ. Ìwọ lo fọwọ́ sí i pé kí wọ́n má fún ẹ."

"Wọn ò tíì sọ ọ́ dòfin."

Àwọn mẹ́ta náà rẹ́rìn-ín. Verna kò rẹ́rìn-ín. Ó pè é sí igun ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́, níbi tí ariwo kò pọ̀.

"Delbert, kí ló dé tí o kó àwọn mẹ́ta yẹn fún Curt?"

Ọkùnrin náà wo àwọn kọ́kọ́rọ́ tó so rọ̀ lára ògiri. 

"Lẹ́yìn tí Norma lọ, mò ń wò wọ́n jù."

"Ní báyìí ńkọ́?"

"Ní báyìí mi ò mọ̀. Àwọn ọjọ́ kan dára. Mo rò pé igbó ló ń wù mí. Láti ọmọ ọdún méjìlá mi ò tíì pa ọjọ́ náà jẹ rí, Verna. Bí mo bá jókòó sílé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí mò ń gbọ́ ìró ìbọn àwọn ẹlòmíràn, mi ò mọ ohun tí màá ṣe."

"O ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀. O béèrè, mo sì sọ."

Verna dúró. Àánú rẹ̀ ṣe é, ẹ̀rù sì bà á, ojú sì tì í pé òun mú àgbàlagbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ́kọ́rọ́. Ó wo káńtà, bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí yóò bá a dáhùn. Rex ń wo òkè àjà.

"Mi ò ní gbé e fún ẹ," ó wí.

"Òfin gbà ọ́ láyè."

"Ó gbà mí láyè méjèèjì."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ra ọta ti gbọ́. "Ṣé ẹ gbọ́ Verna? Ó ti di ìyálóde àwọn ọmọ iléèwé! Ní Mọ́ńdè, orí àtẹ̀gùn la ó ti rí i!"

"Ra ọta ẹ kí o máa lọ, Gil," Verna wí láìwẹ̀yìn. "Lọ́dún tó kọjá, igi lo yìn."

Delbert ti ń yí padà láti lọ. Ojú rẹ̀ ti dí, bí ojú ilé tí wọ́n fa aṣọ fèrèsé rẹ̀ pa. Ìgbà náà ni Verna gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, kò sì ronú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rárá.

"Ìbọn Harlan wà nílé mi." Harlan ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú. "Wá bá mi wọ igbó. Ẹ̀yìn oko mi, èmi pẹ̀lú ẹ, orí pẹpẹ ọdẹ kan náà lára igi la ó jókòó sí. Màá yọ ìbọn fún ẹ láàárọ̀. Bí a bá ti jáde, màá gbà á, màá tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ ń wà."

Delbert yíjú. "O ò tà á fún mi, o wá fẹ́ yá mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ó yé ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Kò yé mi."

"Èmi náà, kò yé mi," Delbert wí. Ó fi ọwọ́ pa orúnkún. "Pẹpẹ yẹn ò ga jù?"

"Àtẹ̀gùn mẹ́rin péré. Mo sì máa pe Curt nírọ̀lẹ́ yìí. Màá sọ ohun tí o sọ fún mi fún un. Mò ń sọ ọ́ lójú ẹ, kí o má bàa ní mo fọ̀rọ̀ ẹ ṣòfófó."

Delbert kò ní kó pè é, kò sì ní kó má pè é. Ó dé fìlà, ó jáde. Verna pe Curt bó ṣe délé.  Curt ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun á sì mú bàbá òun lọ rí dókítà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti tàn káàkiri Pruitt Fork. Gil ti sọ ọ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ra epo mọ́tò pé Verna kò ta ìbọn fún ẹni tó gbé ìdajì ìlú lọ síléèwé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹni méjì kò kí i. Obìnrin kan tí kò mọ̀ dáadáa dì mọ́ ọn, ó ní akọni ni, èyí sì nira fún un ju àìkí àwọn ti ìṣáájú lọ.

Brynn dé lọ́sàn-án, ó bá ìyá àgbà rẹ̀ tó ń fi epo nu ìbọn Harlan.

"Màmá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ò gbé e fún un?"

"Òótọ́ ni."

Ọmọ náà fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ó wá rí ìbọn. "Èyí ńkọ́?"

"Ti Delbert ni lọ́la. Mo yá a."

Brynn jókòó. "Ẹ ṣàlàyé fún mi, Màmá. Ẹ ò ta ìbọn fún un nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín. Ẹ wá gbé ìbọn fún un lọ́fẹ̀ẹ́."

"Èmi náà máa wà níbẹ̀."

"Òfin ò lè sọ pé kí Màmá mi máa wà níbẹ̀! Àwọn tí kò ní Màmá tó máa bá wọn jókòó ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá gbà gbọ́ gan-an?"

Verna ṣí ẹnu ìbọn, ó yẹ inú rẹ̀ wò bóyá ó ti mọ́. "Mo gbà pé ó yẹ kó dúró. Mo gbà pé kò yẹ kó dá dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú, ọmọ mi."

"Ìwé wa ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpò mi. Mi ò tíì fọwọ́ sí i, mi ò sì tíì ya á. Agogo mélòó lẹ ń pé jọ?"

"Mẹ́wàá. Ẹ ò ní wá. Ẹ máa wà nígbó."

"Agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ la ó sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún Delbert ò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Màá ti ìbọn mọ́lé, màá wá. Bóyá òun náà á wá. Ó ti fọwọ́ sí ìwé yín, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí àtẹ̀gùn náà jù mí lọ."

Brynn wo ìyá àgbà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni ń wo òpó iná ojú pópó tó tan pupa àti àwọ̀ ewé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Ẹ má wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn wá o, Màmá. Àwọn oníròyìn ń bọ̀." Ó lọ.

Oòrùn yóò yọ ní ọ̀la ní agogo méje ààbọ̀, òfin sì gba ọdẹ láyè láti yìnbọn nígbà tó bá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó yọ. Verna ti pe Delbert. Ó ní kó wá ní agogo márùn-ún ààbọ̀, kó má fọn fèrè mọ́tò, kó sì mú ìjókòó tìmùtìmù tirẹ̀ dání.